Kọ́bapẹ́ Kò Ní Yìnyín

Ẹjọ́ ni mo gbé wá síwájú yín lónìí. Àwọn tí mo pè lẹ́jọ́ ni àwọn òbí tí Olúwa fi owó díẹ̀ kẹ́, tí ó jẹ́ pé bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi, inú ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ń kó ọmọ wọn sí, tí wọn kì í sì í mú wọn dé abúlé bàbá wọn àfi bí ẹnìkan bá kú. Mo ní ohun tí wọ́n ń ṣe yìí kò dára, mo sì ní ó léwu.

Ọmọ Kọ́bapẹ́ ni mí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, lójú ọ̀nà tí ó ti Abẹ́òkúta lọ sí Ṣíun àti Ṣàgámù. Ẹni tí ó bá ń fi mọ́tò sáré kọjá lè má tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti la ìlú kan kọjá. Kò sí òkun níbẹ̀, kò sí yìnyín. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni oko, àti ọsàn, àti ìdákẹ́jẹ́, àti àwọn àgbà tí wọ́n mọ orúkọ bàbá ńlá ẹni.

Ọ̀rẹ́ mi kan fi àwòrán ìdílé kan hàn mí, tí wọ́n lọ lo họlidé ní abúlé kékeré kan ní ilẹ̀ Nọ́wè, níbi tí wọ́n ti ń fi síkì yọ̀ lórí yìnyín. Ó ní, “Wo bí ibẹ̀ ti dákẹ́! Wo bí bàbá, ìyá àti ọmọ ti ń ṣeré pọ̀! Èyí ni à ń pè ní ìsinmi.” Mo wo àwòrán náà dáadáa. Mo rí ilé onípákó kan, mo rí igi, mo rí ọ̀nà tóóró, mo rí bàbá kan tí ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Bí a bá gbá yìnyín kúrò nílẹ̀, abúlé ni.

Abúlé gan-an sì ni. Nítorí pé èdè ni mò ń kọ́, mo wá ìdí ọ̀rọ̀ náà, síkì. Èdè àwọn ará Nọ́wè ni ó ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ láyé àtijọ́ kò sì ju igi lílà lọ. Igi pẹlẹbẹ méjì ni àgbẹ̀ ń dè mọ́ ẹsẹ̀ kí ó má baà rì sínú òjò dídì. Sondre Norheim, ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá eré yìí, wọ́n bí i ní 1825 ní Morgedal, abúlé kan ní Telemark. Tálákà ni, orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni ó ń gbé. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe eré Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní Oslo ní 1952, inú ààrò ilé tálákà yìí ni wọ́n ti lọ tan iná tí wọ́n gbé wá sí olú-ìlú. Wọn kò tijú abúlé wọn.

Títí di òní, ilé ìsinmi tí ó wà ní oko àti lórí òkè ní Nọ́wè lé ní 400,000, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ilẹ̀ náà kò pé mílíọ̀nù 6. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé bàbá àgbà ló kọ́ ọ, tí ọmọ-ọmọ ń tún un ṣe. Bí ọdún Àjíǹde bá dé, tilé-tọ̀nà wọn a gòkè lọ síbẹ̀, wọn a jókòó sínú oòrùn lórí yìnyín, wọn a sì máa bó ọsàn jẹ. Ọsàn! Èyí tí kò lè hù nínú òtútù wọn, tí ọkọ̀ ń kó wá fún wọn láti ọ̀nà jíjìn. Ní Kọ́bapẹ́, ọsàn ń já bọ́, ó ń jẹrà nílẹ̀, nítorí ọmọ tí ìbá ṣà á wà ní Èkó.

Àwọn ará Súwídìn, aládùúgbò wọn, ńkọ́? Ní 1940, nígbà ogun, èédú tí wọ́n fi ń mú ilé-ẹ̀kọ́ gbóná wọ́n gógó, wọ́n sì ti ilé-ẹ̀kọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nínú ọ̀sẹ̀ náà ni ìsinmi ìgbà òtútù wọn ti ṣẹ̀, èyí tí ìdílé fi ń lọ sórí yìnyín lọ́dọọdún. Àìní ni wọ́n sọ di àṣà. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa, nígbà náà, pé kì í ṣe ọrọ̀ ni ó bí ohun tí à ń ṣe ìlara rẹ̀. Ìfẹ́ ilé bàbá ẹni ni.

Àwa pẹ̀lú ní irú rẹ̀. Láti ìgbà tí Ẹ̀gbá ti tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ ní 1830 ni a ti ń ní ilé nígboro, tí a sì ń ní ilé ní abúlé oko. Ọmọ tí ó ń kàwé nígboro mọ̀ pé bí ìsinmi bá dé, oko yá. Ta ni ó wá kọ́ wa pé ìyà ni? Ní Dubai, láàárín aṣálẹ̀, wọ́n kọ́ ilé kan ní 2005 tí wọ́n ń ṣe yìnyín sínú rẹ̀, àwọn kan nínú wa sì ń gbowó gọbọi kalẹ̀ kí ọmọ wọn lè yọ̀ níbẹ̀ fún wákàtí méjì. Aṣọ òtútù ni wọ́n ń wọ̀ fún ọmọ Ẹ̀gbá nínú aṣálẹ̀!

Mo mọ èsì tí wọn yóò fọ̀. Wọn yóò ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni yóò sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Òtítọ́ ni. Èmi kò bá ẹni tí ó lọ sí ilẹ̀ yìnyín jà. Ní 2018, nígbà tí Seun Adigun, Simidele Adeagbo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé orúkọ Nàìjíríà lọ sí Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní Pyeongchang ní Kòríà, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo òwe náà dáadáa. Ẹni tí ó pa á ti gbà pé ọmọ náà mọ oko bàbá tirẹ̀ ná! Kí ni a ó wá pe ọmọ tí ó ti dé oko bàbá gbogbo ayé, tí kò dé ti bàbá rẹ̀?

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti wà nílẹ̀. Níbi òkú kan ní agbo ilé wa, ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tí ó wọ aṣọ ẹbí fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé ta ni ó ni ilé alámọ̀ tí ó ti ń wó yẹn. Bàbá bàbá àgbà rẹ̀ ni ó kọ́ ọ. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti padà sí Èkó. Ní ọjọ́ tí ẹnìkan bá fẹ́ ta ilẹ̀ ìdílé náà lẹ́yìn, kí ni ọmọ yìí yóò wí? Kò mọ pèrègún tí wọ́n fi pààlà. Kò mọ ẹni tí yóò jẹ́rìí sí i. Ilé iṣẹ́ ń yọ lẹ́bàá títì wa, ilẹ̀ sì ń gbówó lórí. Ẹni tí kò mọ ààlà ni wọn yóò kọ́kọ́ rẹ́ jẹ.

Èdè ńkọ́? Àwọn olùkọ́ wa ń ṣe wàhálà láti kọ́ wa ní ohùn àti fáwẹ́lì, ṣùgbọ́n ìwé wo ni yóò kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ ebè àti poro bí kò bá tẹ̀ ẹ́ rí? Níbo ni yóò ti gbọ́ èdè Ẹ̀gbá bí ó ti rí, bí kò ṣe lẹ́nu ìyá àgbà tí ó ń sá láfún sóòrùn?

Wọ́n ní kò sí iná, kò sí omi. Ilé ìsinmi àwọn ará Nọ́wè kò ní iná fún ìgbà pípẹ́; wọ́n pọnmi, wọ́n la igi, wọ́n ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Owó ọkọ̀ òfuurufú ènìyàn márùn-ún lọ sí Yúróòpù lè pààrọ̀ páànù orí ilé, kí ó sì tún kànga gbẹ́. Wọ́n ní ọ̀nà léwu, ajínigbé wà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni fi ọmọ rẹ̀ wéwu. Ṣùgbọ́n láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń gba Èkó lọ sí Ìbàdàn, ó sì ń dúró ní Ládérin lẹ́bàá Abẹ́òkúta, kò jìnnà sí wa. Kí a wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án. Kí a sì rántí pé abúlé tí ó bá ṣófo ni olè ń fi ṣe ibùba.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí olúkúlùkù ìdílé tí ó ní ilé lóko fi ọ̀sẹ̀ kan péré nínú ìsinmi gígùn gbé ibẹ̀. Kí wọ́n má lọ bí àlejò tí arúgbó yóò máa se oúnjẹ fún. Kí wọ́n ro oko, kí wọ́n pọnmi, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn àgbà mú ọmọ rin ààlà ilẹ̀ yí ká. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí kò lè fi ọwọ́ kankan júwe rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwa la ó di òbí lọ́la. Ẹ má dúró de ọjọ́ òkú. Mo ti sọ tèmi. Ẹni tí ó bá ní èsì, kí ó kọ ọ́ wá, àyè ṣì wà nínú ìwé wa.