Àgbàdo Orí Pátákó Ṣẹ́ẹ̀sì

Òtútù ọyẹ́ ìlú Jos ló sé wa mọ́lé ní alẹ́ ọjọ́ kan, ni àwọn ọmọ bá gbé pátákó ṣẹ́ẹ̀sì olójú 64 kalẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi ẹyọ àgbàdo kan sí ojú kìíní, méjì sí ìkejì, mẹ́rin sí ìkẹta, kí wọ́n máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lọ. Àgbàdo inú igbá tán kí wọ́n tó parí ìlà kejì.

Al-Biruni ti kọ àpapọ̀ rẹ̀ sínú ìwé láti nǹkan bí ọdún 1000: 18,446,744,073,709,551,615. Bí ó ti tóbi tó nì, ó rọrùn láti tú. 5 ló kẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà 5 pín in. Ẹ ro àwọn ẹyọ nọ́ńbà inú rẹ̀ pọ̀, 87 ni; 3 náà pín in nìyẹn. Lẹ́yìn wọn ni 17, 257, 65,537 àti 4,294,967,297.

Fermat, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, gbà pé èyí tó kẹ́yìn yìí kò ṣeé pín mọ́. Ó lé ní 90 ọdún kí Euler tó já a ní 1732. (Ọdún yẹn kan náà ni Muhammad ibn Muhammad, ọmọ Katsina, kọ ìwé tirẹ̀ lórí ìṣirò ní ìlú Kairo.) 641 ló pín in, ó sì kan 6,700,417.

Àkọ́bí mi kò gbà mí gbọ́. Ó mú bírò, ó fi 641 pín in títí dé ìdí. Kò ṣẹ́ ku ohunkóhun.