Ẹjọ́ Ajubọ́ọ̀lù Tí Wọ́n Yọ Kúrò: Ìwé Pẹlẹbẹ sí Àwọn Adájọ́ Apá Kan

Níbikíbi tí àwọn ará Amẹ́ríkà bá ti kóra jọ wo bésíbọ́ọ̀lù, àti láàárín àwọn ará Kúbà pẹ̀lú, níbi tí àwọn ọmọ Lùkùmí, àrọ́mọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò ní ilẹ̀ wa, ti fẹ́ràn eré náà dé góńgó, ìgbàgbọ́ kan wà tí ọmọdé àti àgbà rọ̀ mọ́, pé ajubọ́ọ̀lù tí iṣẹ́ bá ń lọ geere lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ ọ́ kúrò. Pé mánéjà tí ó bá dán irú rẹ̀ wò, ọ̀tá ẹgbẹ́ ara rẹ̀ ni, ẹrú ìwé ìṣirò ni, kò sì lójú tí ó fi ń wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí ni mo kọ ìwé yìí láti takò, mo sì bẹ ẹni tí yóò bá mi jiyàn kí ó kà á tán ná kí ó tó gbé mi ṣépè.

Ẹni tí eré náà kò bá tíì yé, kí ó mọ̀ pé ajubọ́ọ̀lù ni ẹni tí ń dúró lórí òkìtì kékeré láàárín pápá, tí ń fi gbogbo agbára ju bọ́ọ̀lù sí onígi tí ó dúró dè é. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́ kúrò nínú eré, kò tún lè padà wọlé lọ́jọ́ náà. Mẹ́sàn-án ni àwọn onígi, wọ́n a máa tò tẹ̀lé ara wọn wá kojú rẹ̀, bí ẹni kẹsàn-án bá sì ti ṣe tirẹ̀ tán, ẹni àkọ́kọ́ á tún dé.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹjọ́ tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2020, ní Arlington ní ìpínlẹ̀ Texas, Tampa Bay Rays ń bá Los Angeles Dodgers wọ̀ ọ́ nínú eré kẹfà World Series, ìdíje àṣekágbá tí ń fi adé fún ẹgbẹ́ tí ó borí, bí Rays bá sì fìdí rẹmi lọ́jọ́ náà, ó parí fún wọn. Randy Arozarena, ọmọ Kúbà, ti gbá bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri ní ìpele àkọ́kọ́, Rays sì fi ayò kan ṣíwájú. Blake Snell ọlọ́wọ́ òsì ni ó wà lórí òkìtì fún wọn, ó sì ń ṣe bí ẹni tí ó gbéra ogun: ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni ó ti dá onígi padà sí ibùjókòó láìjẹ́ kí ó gbá bọ́ọ̀lù wọ pápá, láìfi ọ̀nà ọ̀fẹ́ sí ibùdó àkọ́kọ́ ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Mookie Betts, Corey Seager àti Justin Turner, àwọn mẹ́ta tí í ṣe orí ogun Dodgers, ẹ̀ẹ̀mejì ni olúkúlùkù wọn ti wá, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni igi wọn sì fẹ́ atẹ́gùn lásán. Ní ìpele kẹfà, lẹ́yìn tí ó ti dá ẹnì kan padà, Austin Barnes gbá tirẹ̀, ó sì dé ibùdó àkọ́kọ́. Bọ́ọ̀lù 73 péré ni Snell tíì jù. Ìgbà náà ni Kevin Cash mánéjà rẹ̀ jáde wá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀. Snell bú èébú sí afẹ́fẹ́, gbogbo ayé sì rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Nick Anderson wọlé rọ́pò rẹ̀, Betts gbá tirẹ̀ dé ibùdó kejì, Barnes wọlé lórí bọ́ọ̀lù kan tí Anderson jù gba ẹ̀gbẹ́, Betts tẹ̀lé e kò pẹ́. Dodgers fi ayò mẹ́ta sí ẹyọ kan gba adé.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ Cash di àmúpòwe. Ṣùgbọ́n mo bi yín, ẹ̀yin adájọ́, kí ni ẹ wí ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2003? Pedro Martínez, ọmọ Manoguayabo, a-jubọ́ọ̀lù-kí-onígi-gbàgbé-orúkọ-baba-rẹ̀, ni ó ń jù fún Boston lọ́jọ́ náà ní ilé àwọn Yankees, nínú eré tí yóò yan èyí tí yóò lọ sí World Series nínú wọn. Ayò márùn-ún sí méjì ni Boston fi ń ṣíwájú ní ìpele kẹjọ, nígbà tí Derek Jeter gbá a, tí Bernie Williams sì tún gbá a. Grady Little mánéjà Boston jáde lọ bá a lórí òkìtì, ó bi í bóyá agbára ṣì wà, Pedro ní ó wà, Little sì fi í sílẹ̀ padà sí ibùjókòó. Hideki Matsui gbá a, Jorge Posada gbá a, ayò di márùn-ún sí márùn-ún, ní ìpele kọkànlá Aaron Boone ti Yankees sì fi igi tirẹ̀ parí ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Little kí oṣù náà tó pé. Ohun tí Little ṣe ni ẹ ní kí Cash ṣe. Ẹ sì fẹ́ fa àwọn méjèèjì ya. Terry Collins mánéjà pẹ̀lú, ẹni tí Matt Harvey ajubọ́ọ̀lù rẹ̀ bẹ̀ ní New York lọ́dún 2015 pé kí ó jẹ́ kí òun ju ìpele kẹsàn-án, tí ó sì gbà fún un, ó jìyà ìgbọràn rẹ̀ bákan náà. Èsì ni ẹ ń tẹ̀lé lẹ́yìn, ẹ wá ń pè é ní òye.

Ẹ óò ní ọ̀tọ̀ ni ti Pedro, pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì rẹ Snell. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe yín fara pamọ́ sí, nítorí kì í ṣe àárẹ̀ nìkan ni ó ń pa ajubọ́ọ̀lù. Oníbàárà tí ó bá ti ná ọjà lẹ́ẹ̀mejì ti mọ ibi tí ìyá ọlọ́jà yóò dé kí ó tó gbà. Bẹ́ẹ̀ ni onígi tí ó dé lẹ́ẹ̀kẹta ti rí bí bọ́ọ̀lù títẹ̀ ti ń tẹ̀, ó ti mọ bí èyí tí ń sáré ti ń sáré, àwọn tí ó sì kọ́kọ́ lọ ti sọ ti ojú wọn fún un ní ibùjókòó, torí ẹni tó jìn sí kòtò a máa kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Tom Tango, Mitchel Lichtman àti Andrew Dolphin, àwọn oníṣirò bésíbọ́ọ̀lù, kó àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún jọ sínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007, wọ́n sì rí i pé bí onígi bá ti ń pàdé ajubọ́ọ̀lù kan náà léraléra lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni igi rẹ̀ ń múná sí i; Lichtman sì jiyàn lẹ́yìn náà pé dídára tí ajubọ́ọ̀lù dára ní ìpàdé méjì àkọ́kọ́ kò gbà á lọ́wọ́ ìkẹta. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Mánéjà tí ó bá dúró títí onígi yóò fi gbá a kí ó tó dìde, ó ti pẹ́ jù.

Àwọn àgbà yín á wá nawọ́ sí ayé àtijọ́: Juan Marichal àti Warren Spahn tí wọ́n ju ìpele 16 sí ara wọn ní San Francisco lọ́dún 1963, kí Willie Mays tó fi ayò kan ṣoṣo tú wọn ká. Mo kan sáárá sí wọn, pàápàá sí Spahn tí ó jẹ́ ẹni ọdún 42 lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi kò sì rò pé a óò tún rí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kì í dárúkọ àwọn tí apá wọn bàjẹ́. Sandy Koufax, ọba wọn, fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún nítorí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

Èyí tí ó bí mi nínú jù ni pé ẹjọ́ ẹnì kan ni ẹ ń gbọ́. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òun ni àgbà òṣìkà. Kò sí ẹni tí wọ́n ń yọ lásán. Ẹnì kan ni wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀, ìwọ̀n àwọn méjèèjì sì ni ọ̀rọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ní Arlington, Dave Roberts mánéjà Dodgers yọ Tony Gonsolin tí ó bẹ̀rẹ̀ eré kí ìpele kejì tó parí, ó kó ẹni mẹ́fà mìíràn wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì gba adé. Ta ni ó ti kọrin èébú fún un? Ẹ̀sùn gidi tí mo fi kan Cash ni pé Anderson ni ó fà jáde, ẹni tí wọ́n ti gba ayò lọ́wọ́ rẹ̀ nínú eré mẹ́fà léraléra ṣáájú ọjọ́ náà, ọlọ́wọ́ ọ̀tún tí wọ́n fi kojú Betts, lọ́dún tí Betts ń gbá ọlọ́wọ́ ọ̀tún ju ọlọ́wọ́ òsì lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá pàdé ẹni tí ń pariwo pé Cash ni ó pa Rays, ẹ bi í pé ta ni ìbá ju bọ́ọ̀lù sí Betts. Bí ó bá ní Snell ni, nítorí pé ọlọ́wọ́ òsì ni, ẹ fún un ní àga, àwíjàre rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ó bá dárúkọ ẹlòmíràn, òun náà ti gbà kí wọ́n yọ Snell, ó kù kí ẹ jọ jókòó yẹ àwọn arọ́pò wò. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní Snell ni, nítorí pé ó ti dá onígi padà lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, ẹ bi í bóyá Betts kò sí lára àwọn tí ó dá padà náà, àti ohun tí ó rò pé Betts ń fi ojú méjèèjì wò láti ibùjókòó láti ìgbà náà wá.