Ìyá Ẹyẹ Kì Í Kọ Ọmọ Rẹ̀ Nítorí Ọwọ́ Èèyàn

Oṣù Karùn-ún ti dé, ọ̀rọ̀ yẹn náà sì ti dé. Ìgbàkígbà tí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń wọlé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọmọ ẹyẹ blackbird bá ti já bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé ẹnì kan ní Peckham tàbí Thamesmead, ariwo á sọ: “Má fọwọ́ kàn án o! Bí ìyá ẹ̀ bá gbóòórùn èèyàn lára ẹ̀, kò ní í gbà á mọ́.” Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ló sọ ọ́ fún mi, ẹni tó ń fọwọ́ gba ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́ tí ìyá kan kò sì tìtorí ẹ̀ kọ ọmọ fún un rí. Ó tó gẹ́ẹ́.

Ohun tí wọ́n ń sọ, bí ó bá tiẹ̀ yẹ ká máa tún un sọ, nìyí: ìyá ẹyẹ sàba lé ẹyin fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń wa ekòló láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, òjò ń pa á, ológbò ń lé e. Ó wá gbóòórùn ọṣẹ ìfọwọ́ lára ọmọ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní ọmọ òun kọ́ nìyí mọ́, ó yíjú padà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyá wo nìyẹn?

Ká ní irọ́ tí kò pa ẹnikẹ́ni lára ni, mi ò bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọmọ ẹyẹ tí kò tíì hu ìyẹ́ lórí kọnkéré, ara rẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì pa dé. Ìtẹ́ tó ti já bọ́ wà nínú ewé tó gun ògiri, kò ga ju èjìká àgbàlagbà lọ. Àgbàlagbà mẹ́rin yí i ká, wọ́n káwọ́ gbera, wọ́n ń káàánú. Èèrà ti ń wọ ihò imú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò fọwọ́ kàn án kí ìyá rẹ̀ má baà kọ̀ ọ́. Nígbà tí mo fi débẹ̀, kò mí mọ́. Wọ́n ṣàánú rẹ̀ títí ó fi kú!

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ dàgbà nílé, ṣé ẹ ti gbàgbé adìyẹ ni? Àwọn ìyá wa a máa kun òròmọdìyẹ láwọ̀ kí àṣá má baà gbé e. Wọ́n á mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi àwọ̀ pa wọ́n lára, wọ́n á jù wọ́n sílẹ̀. Àgbébọ̀ funfun á sì máa kó ọmọ aláwọ̀ pupa kiri àdúgbò, kò ní bi wọ́n léèrè ta ló bí wọn.

Wọ́n á ní adìyẹ ilé nìyẹn, ẹyẹ igbó yàtọ̀. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wọgbó.

Ní 1899, tíṣà kan ní ìlú Viborg ní Denmark, Hans Christian Cornelius Mortensen, bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrùka aluminium tó ní nọ́ńbà sẹ́sẹ̀ ẹyẹ starling, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí wọ́n bá tún rí i. Ní 1909, iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Bìrìtéènì. Lónìí, British Trust for Ornithology ló ń bójú tó o, ẹni tí kò bá sì kọ́ ọ, tí kò gbàwé àṣẹ, kò gbọdọ̀ dán an wò. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á ṣí àpótí tí ẹyẹ blue tit pamọ sí. Wọ́n á kó àwọn ọmọ náà, tí wọ́n lè tó mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, sínú àpò aṣọ. Wọ́n á mú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyẹ á jókòó sínú àtẹ́lẹwọ́, ìka méjì á di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ tí kò nípọn tó igi ìṣáná. Ẹ̀mú kékeré á fún òrùka pa yí ẹsẹ̀ náà ká. Wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á dá a padà sínú ìtẹ́. Kò sí èyí tí ọwọ́ èèyàn kò kàn látorí dé ẹsẹ̀. Ìyá wọn wà lórí ẹ̀ka nítòsí, ó ti fi àgógó há kòkòrò, ó ń jágbe mọ́ àwọn èèyàn náà. Bí wọ́n bá ti yẹra, á wọlé, á máa fi oúnjẹ sí àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́nu.

Ẹ bá mi rò ó. Bí ọ̀rọ̀ yín bá jóòótọ́, òkú ọmọ ẹyẹ nìkan ni àwọn èèyàn wọ̀nyí ì bá ti máa wọ òrùka fún láti ohun tó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, kò sì sí òrùka kankan tí ì bá padà wá. Ṣùgbọ́n òrùka ń padà wá. Wọ́n á gbé ọmọ osprey, ẹyẹ ńlá tó ń pẹja jẹ, sọ̀kalẹ̀ látorí igi ní Scotland, wọ́n á fi òrùka sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n á gbé e padà. Ẹyẹ yẹn á fò dé Senegal àti Gambia, á dàgbà níbẹ̀, á sì padà wá kọ́ ìtẹ́ tirẹ̀ ní Bìrìtéènì. Ta ló bọ́ ọ títí ó fi lè fò? Ẹ̀yin ni?

Ẹ tún gbọ́: ẹyẹ reed warbler ń bọ́ ọmọ ẹyẹ cuckoo tí kì í ṣe tirẹ̀, tó sì tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, òun náà lẹ ní yóò kọ ọmọ nítorí òórùn? Àwọn tó ń sọ pé ẹyẹ kì í gbóòórùn rárá náà ṣì í, nítorí irú igún kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń fi imú wá òkú ẹran. Ìyá ẹyẹ lè gbóòórùn yín. Kò kàn án ni. Lóòótọ́, ìbẹ̀rù lè lé ẹyẹ kúrò lórí ẹyin bí kò bá tíì pẹ́ tó sàba. Ìbẹ̀rù nìyẹn, kì í ṣe òórùn.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò le. Èyí tí kò tíì hu ìyẹ́, ẹ dá a padà sínú ìtẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Èyí tó ti hu ìyẹ́, tó ń tọ pọ́n-ún pọ́n-ún nílẹ̀, kò sọnù. Ọmọ blackbird a máa kúrò nínú ìtẹ́ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì, kó tó mọ fífò dáadáa, ìyá àti bàbá rẹ̀ á sì máa wá a bọ́ lábẹ́ ewé. Ẹ ti ológbò mọ́lé. Bó bá wà lójú títì, ẹ gbé e sábẹ́ igi. Ẹ má gbé e sínú páálí bàtà, ẹ má sì rẹ búrẹ́dì sínú mílíìkì fún un; ẹyẹ kì í mu wàrà. Àwọn tó ń pariwo “má fọwọ́ kàn án” gan-an ló ń ṣe èyí jù. Wọ́n á kọ́kọ́ wọ ìbọ̀wọ́!

Bó bá jẹ́ pé ó ń rí yín lára lẹ kò ṣe fẹ́ fọwọ́ kàn án, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò mú yín. Ẹ ṣáà má purọ́ mọ́ ìyá ẹyẹ.