Oṣù Karùn-ún Ti Pẹ́ Jù

Ìpàdé tí dókítà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ pe àwọn òbí sí láti sàmì ọjọ́ 25 oṣù Ọ̀wàrà tí àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún spina bifida, ìyẹn ẹ̀yìn ọmọ tí kò padé, àti àìsàn omi orí tó sábà máa ń bá a rìn, ti wá, ó ti lọ. A kí dókítà náà kú iṣẹ́. Ohun tó ń bí wa nínú ni ìbéèrè kan tó bi àwọn ìyá tó jókòó síwájú rẹ̀: ta ló ti gbọ́ nípa oògùn folic acid kó tó lóyún? Ọwọ́ tó nà sókè kò tó nǹkan. Ìyá kan tú àpò rẹ̀, ó mú páálí oògùn náà jáde. Wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, nígbà tí oyún rẹ̀ pé oṣù márùn-ún. Ọmọ tó gbé lé itan ní rọ́bà tín-ín-rín lábẹ́ awọ ọrùn, èyí tó ń fa omi láti inú orí lọ sí ikùn. Ẹni bá wò ó dáadáa á rí ipa rẹ̀ lẹ́yìn etí.

Oṣù karùn-ún! Kí oyún tó pé ọjọ́ 28 ni ẹ̀yìn ọmọ ti ń padé, tí ọ̀nà ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ti ń dí. Ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ nígbà náà pé òun lóyún. Bí kò bá padé lásìkò yẹn, kò sí oògùn tí a lè gbé mì lóṣù karùn-ún tí yóò pa á dé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Láti 1991 ni ìwádìí tí ìgbìmọ̀ ìwádìí ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ti fi hàn pé, láàrin àwọn ìyá tó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, folic acid tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò kí oyún tó dúró máa ń dín bíbí irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kù ní ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí ìwádìí yẹn jáde ti tó bí ọmọ báyìí, síbẹ̀ ìgbà tí ikùn bá yọ ni àwọn aláṣẹ ètò ìlera wa ṣì ń na oògùn náà sí ìyá.

Wọ́n á ní àwọn ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni, ó sì wúlò fún ẹ̀jẹ̀ ìyá. Ṣùgbọ́n ní ti ẹ̀yìn ọmọ, ẹni tó ń ru omi bọ̀ nígbà tí ilé ti jó tán ni wọ́n. Wọ́n á tún ní àìsàn tó ṣọ̀wọ́n ni. Ṣé wọ́n kà á ni? Àwọn ọmọ tí a bí sílé ńkọ́, tí a sin láìsí ẹni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀? Àwọn tí wọ́n gbé lọ sórí òkè àdúrà ńkọ́, nítorí àwọn kan ní àjẹ́ ni ó fà á? Ìyá tó yẹ kí nọ́ọ̀sì ti là lọ́yẹ̀ kó tó lóyún, iwájú oníṣẹ́ abẹ ló ti wá ń gbọ́ àlàyé, lẹ́yìn tí wọ́n ti la ọmọ rẹ̀ lórí. Láti 1962 tí dókítà Latunde Odeku ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, ni àwọn dókítà wọ̀nyí ti ń ṣe ipa tiwọn. Ta ló wá fi iṣẹ́ olùkọ́ kún un fún wọn?

A gbà pé folic acid kì í dènà gbogbo rẹ̀, a sì gbà pé owó ìjọba kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu kò náni lówó. Ọ̀pọ̀ ìjọ kì í so tọkọtaya pọ̀ lónìí láìrí ìwé àyẹ̀wò jẹnótáìpù wọn, bóyá AA ni tàbí AS, gbogbo ilé ló sì mọ ìdí rẹ̀. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ gbólóhùn kan nípa folic acid níbi tí wọ́n ti ń gba ìwé yẹn?

Ní oṣù Èbìbí 2023, ìpàdé àjọ ìlera àgbáyé ní Geneva fẹnu kò pé kí àwọn orílẹ̀-èdè máa fi folic acid sínú oúnjẹ. Gúúsù Áfíríkà ti ń fi í sí ìyẹ̀fun àlìkámà àti àgbàdo láti 2003, spina bifida àti irú rẹ̀ sì dín kù níbẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Nàìjíríà náà ní òfin lórí ìyẹ̀fun àlìkámà láti 2002, àmọ́ ta ló ń fi nǹkan kan sí gàárì, sí èlùbọ́, sí ògì tí a lọ lẹ́nu ọ̀nà?

Kí wọ́n fi folic acid sínú iyọ̀ tàbí màgí bí wọ́n ṣe fi ayódíìnì sínú iyọ̀, kí wọ́n sì máa kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí.

Ìwọ obìnrin tó ń gbèrò àtibímọ, má dúró de ìjọba. Folic acid máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́ ni, bẹ̀rẹ̀ kí oyún tó dúró. Bí o bá ti bí ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò padé rí, béèrè lọ́wọ́ dókítà kí o tó tún lóyún, nítorí ìwọ̀n tìrẹ ju èyí lọ.