Ìyá Pátákó, Ẹ Kú Oríire!

Ìyá Pátákó, pátákó yín pé ọdún mẹ́wàá ní Ọjọ́ Ajé tó kọjá, gbogbo àdúgbò ló jáde, a jẹ, a mu, a rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ ń dùn wá. Ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀, ẹ jókòó kí n rò ó fún yín.

Ilé ìkàwé kékeré kan wà ní àdúgbò wa n'Ìbàdàn, yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, tí páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà bíi ti gbogbo ilé tó yí i ká. Ìyá Pátákó, ìyá wa, ni wọ́n ń tọ́jú ìwé ibẹ̀. Ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, wọ́n kíyè sí i pé àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC nìkan ló ń wọlé. Tí ìdánwò bá ti parí, eṣinṣin á gba ilé ìkàwé. Ni wọ́n bá wá pátákó dúdú kan tí iléèwé kan fẹ́ sọ nù, wọ́n gbé e ti ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan mẹ́ta sí i: oúnjẹ kan, ọ̀rọ̀ kan, ìwé kan. Oúnjẹ tí àwọn fúnra wọn ń sè nílé, ọ̀rọ̀ tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn lọ́sẹ̀ náà. Nígbà tí Ọjọ́ Ajé mìíràn pé, wọ́n nù ún kúrò, wọ́n kọ tuntun. Láti ìgbà náà, wọn kò fo ọ̀sẹ̀ kan rí. Ọ̀sẹ̀ 520 nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi! Ta ni nínú wa tó ti ṣe nǹkan kan ní ọ̀sẹ̀ 520 láìfo ọ̀kan, yàtọ̀ sí ká jẹun ká sùn?

Nígbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020 ńkọ́? Wọ́n ti ilé ìkàwé pa, ìyá wa gbé pátákó lọ sí ẹnu géètì ilé wọn. Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ náà ni “kónílé-ó-gbélé” fúnra rẹ̀. Oúnjẹ ibẹ̀ ni ẹ̀bà àti ọbẹ̀ yòówù tó bá ṣẹ́kù, nítorí ta ló ń lọ sọ́jà?

Kí n jẹ́wọ́ tèmi. Kì í ṣe ìfẹ́ ìwé ló kọ́kọ́ gbé mi débẹ̀. Iná ni. Wọ́n ní sólà, mo ní fóònù tó ti kú, mo jókòó bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn títí bátìrì fi kún. Ìyá wa mọ̀. Wọn kò sọ nǹkan kan, àfi pé ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti gbé ìjókòó kúrò nítòsí ibi tí wọ́n ti ń chájì, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé Fágúnwà. Okùn chájà mi kò gùn. Mo ní láti fi fóònù sílẹ̀ kí n lọ jókòó níbẹ̀. Ẹ wá rí i bí mo ṣe di òǹkàwé.

Ọgbọ́n wọn nìyẹn, n kò sì tíì rí ẹni tó gbọ́n jù wọ́n lọ nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe to ilé náà. Nínú ètò nọ́ńbà tí Melvil Dewey gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1876, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ń lò títí dòní, 641.5 ni ti oúnjẹ sísè, 896.333 sì ni ti lítíréṣọ̀ Yorùbá. Ìyá wa gbé 641.5 lọ sí kọ̀rọ̀ inú lọ́hùn-ún, ẹ̀gbẹ́ ògiri tó kẹ́yìn. Ẹni tí ọbẹ̀ ara pátákó bá fà wọlé gbọ́dọ̀ kọjá lójú gbogbo 896.333 kó tó rí ohun tó ń wá. Wọ́n sì fi àpótí ìjókòó kan sáàárín ọ̀nà, fún ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń dùn.

Ìyá Alámàlà tó wà lódìkejì títì ni ẹja ńlá tí àwọ̀n yẹn kọ́kọ́ mú. Lọ́jọ́ náà, gbẹ̀gìrì ló wà lára pátákó. Rẹ ẹ̀wà, bó èèpo rẹ̀ dànù, sè é títí yóò fi fọ́ fúnra rẹ̀, fi ìjábẹ̀ lù ú kó kúnná. Ata, iyọ̀, irú, epo pupa. Jẹ́ kó hó títí òórùn epo tútù yóò fi lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá wa fi ìlà kan kún un: ẹni tó bá ń kánjú lè fi káún díẹ̀ sí ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀.

Ha! Ìyá Alámàlà sọdá títì pẹ̀lú ṣíbí ìbùbẹ̀ lọ́wọ́. “Ta ló ń fi káún sí gbẹ̀gìrì? Ẹ̀yin abọ́bàkú ìwé, ta lẹ ń kọ́ ní ọbẹ̀ sísè? Ewédú la ń fi káún sí!” Ìyá Pátákó ní kí wọ́n máa wọlé, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìta. Ìyá Alámàlà ní àwọn ò wọ ilé ìwé mọ́ láti ìgbà tí àwọn ti ka Aláwíyé Ọdúnjọ tán ní kékeré. Síbẹ̀ wọ́n wọlé, wọ́n ń jà lọ, wọ́n ń rìn lọ, wọ́n dé ibi àpótí, wọ́n jókòó. Ojú wọn bá bọ́ sára ìwé kan. “Ó Le Kú? Ṣé wọ́n kọ ìwé nípa ólekú ni? Mo ní ìró àti bùbá rẹ̀ méjì nílé.”

Wọn kò jẹ̀bi. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìwé náà, 1974 ló jáde, ṣùgbọ́n fíìmù tí Túndé Kèlání fi ṣe ní 1997 ló sọ ìró kúkúrú yẹn di ohun tí gbogbo obìnrin ń sáré rán. Aṣọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, wọn kò mọ ìwé. Ìyá Alámàlà gbé e lọ sílé láti lọ wo bóyá wọ́n sọ irú aṣọ tí wọ́n wọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò lórí rẹ̀, nídìí ìkòkò, láàárín oníbàárà kan sí òmíràn. Nígbà tó padà dé, àbàwọ́n epo kan wà lójú ewé kan, ó rí roboto bíi kọ́bọ̀ àtijọ́, ó ti ràn dé ewé kẹta. Ilé ìkàwé mìíràn ì bá gba owó ìtanràn. Ìyá Pátákó wo àbàwọ́n náà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dá ìwé padà sí àyè rẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀. Tí mo bá mú àlejò lọ, òun ni mo kọ́kọ́ ń fi hàn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ epo yìí tún mú mi rántí ọmọkùnrin kan tó yọ́ wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó fi ṣọ́ọ̀kì fa àmì ìsàlẹ̀ méjì sórí “epo pupa” tó wà lára pátákó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ti kà á pé kí wọ́n da “èpò pupa” sí ọbẹ̀, bí ẹni pé oko ni wọ́n fẹ́ ro nínú ìkòkò. Ìyá wa wádìí, wọ́n mú un. Ìjìyà rẹ̀ ni pé òun ni yóò máa fi àmì ohùn sí pátákó láti ọjọ́ náà lọ. Ó ti di télọ̀ ní Dùgbẹ̀ báyìí, síbẹ̀ kò sí Ọjọ́ Ajé tí kì í yà wá wò ó bóyá wọ́n fi àmì sí i dáadáa, pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

Èmi náà ti jìyà lọ́wọ́ pátákó yìí. Ìkọ́kọrẹ́ ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo dà á kọ sínú fóònù, mo lọ ra ewùrà. Mo rin ín, mo se ata, epo, ẹja gbígbẹ àti pọ̀nmọ́ títí ó fi hó, mo ń bu ewùrà sí i ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, mo sì ń rò ó bí ẹni ń ro àmàlà. Ọ̀rẹ́ mi kan, ará Ìjẹ̀bú, yọjú wo inú ìkòkò, ó ní, “Ṣé kiní yìí lẹ fi ń lẹ pósítà?” Mo padà lọ bá pátákó jà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọlọ́kadà kan ló gbé ọ̀kadà rẹ̀ dí ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá lọ́jọ́ tí mo dà á kọ: “Má fọwọ́ kàn án o! Dé e, jẹ́ kó dì, kó o tó rò ó.” Ìlà kan ṣoṣo tó ṣe pàtàkì jù lọ.

Ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀: “alùpùpù.” Wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó sọ ọ̀kadà lórúkọ yìí kò wo ara rẹ̀ rárá, etí ló fi gbọ́ ọ, bó ti ń lù pùpù lọ lójú títì. Mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ lọmọdé fẹ́ràn jù nínú nǹkan mẹ́ta náà. Ọjọ́ tí “asọ̀rọ̀mágbèsì” jáde, ìyá wa tú u palẹ̀ fún wọn: rédíò ni, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Bó o bú u, bó o yìn ín, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló ń sọ lọ. Ọmọkùnrin kan ní fóònù wá gbọ́dọ̀ jẹ́ asọ̀rọ̀gbèsì. Àbúrò rẹ̀ ní rárá, nítorí pé bí màmá àwọn bá pe bàbá àwọn, bàbá kì í gbé e. Ìyá wa kò rí nǹkan sọ sí ìyẹn.

Nígbà míì ọ̀rọ̀ àti oúnjẹ á di ọ̀kan náà. Lọ́sẹ̀ kan, “acarajé” ni wọ́n kọ síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Brazil gan-an. A ń wò ó bí ẹni wo lẹ́tà ìjọba. Ọmọ iléèwé kan pè é jáde, ó bú sẹ́rìn-ín: àkàrà jẹ! Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ló gbé e dé Bahia, àwọn obìnrin tó ń wọ funfun ṣì ń dín in nínú epo pupa lójú pópó Salvador, wọ́n á là á láàárín, wọ́n á ki edé sí i. Ní 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin náà sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun ìní orílẹ̀-èdè wọn. Alákàrà ìkóríta wa gbọ́, ó fi náírà mẹ́wàá lé owó àkàrà lọ́jọ́ kejì, ó ní ọjà òkèèrè lòun ń tà.

Ti ìwé kíkà, ìyá wa kì í fi bò. Ohun tí wọ́n bá ń kà ni wọ́n ń kọ, ìbáà jẹ́ ìwé tí wọn kò gbádùn. Olùkọ́ kan bá wọn jiyàn rí pé Fágúnwà ló kọ ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́, ní 1938. Pátákó dá a lóhùn: Ògbójú Ọdẹ lọba wọn, a gbà, ṣùgbọ́n Isaac Thomas ti ń tẹ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti 1929. Olùkọ́ náà kò wá fún oṣù kan. Nígbà tó padà wá, Sẹ̀gilọlá ló béèrè.

Èyí tó wà lọ́wọ́ wọn báyìí ni Àjà Ló Lẹrù, iṣẹ́ ọwọ́ Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tó jáde ní 1969. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin nìyí tí wọ́n ń kà á, wọ́n ní Lápàdé ọlọ́pàá àná kò tíì sú àwọn. Wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí i: “Ẹ má bi mí bó ṣe parí.”

Ẹ jẹ́ ká padà sí òde wa. Ìwé kékeré kan wà lára ilẹ̀kùn ilé ìkàwé tó sọ pé ká má jẹun níbẹ̀, nítorí náà ọ̀dẹ̀dẹ̀ la tẹ́ ẹní sí. Kí ni a kò rí jẹ? Ẹlẹ́lùbọ́ gbé àmàlà dúdú wá, àwọn ará Ìjẹ̀bú gbé ìkọ́kọrẹ́ (tèmi náà wà níbẹ̀, ó dì lọ́tẹ̀ yìí, ẹ fọkàn balẹ̀). Mọ́ínmọ́ín inú ewé eéran rọ̀ múlọ́múlọ́. Ẹni tó gbé e wá ní ẹlẹ́mìí méje ni. Àwọn ọmọ tú u wò, ẹ̀mí márùn-ún ni wọ́n rí, ẹjọ́ náà kò tíì parí di àkókò yìí. Télọ̀ wa rán aṣọ bo orí pátákó, funfun báláú, wọ́n ní kí Ìyá Alámàlà ṣí i.

Pátákó ṣófo. Ìyá Pátákó ní àwọn kò kọ nǹkan kan lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n na ṣọ́ọ̀kì sí Ìyá Alámàlà. Ariwo sọ. Ìyá Alámàlà nu ọwọ́ sára ìró ólekú wọn, wọ́n súnmọ́ pátákó, wọ́n rọra ń kọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tóbi bí àtẹ́lẹwọ́, láìsí àmì kankan lórí: GBEGIRI. KO SI KAUN.

A pàtẹ́wọ́ títí. Télọ̀ sáré mú ṣọ́ọ̀kì, ó fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Pátákó dúró títí ó fi ṣe tán, wọ́n gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀ pátákó, wọ́n fi lẹ́tà tín-ín-tín kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Díẹ̀ kò burú.”