Ẹ má gbé ìrẹsì wá, ẹ wá jókòó tì wá

Bí olórí bá fẹ́ kí a mọ̀ pé òun láàánú ní ilẹ̀ yìí, àpò ìrẹsì ló máa kọ́kọ́ gbé jáde. Àwòrán rẹ̀ á wà lára àpò náà, kámẹ́rà á sì ti wà ní sẹpẹ́ kí arúgbó àkọ́kọ́ tó na ọwọ́ gbà á. Mo ti gba irú ìrẹsì bẹ́ẹ̀ rí. Mo sè é, mo jẹ ẹ́, mo sì dúpẹ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ mi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi ayé mi ṣe, mo sì ṣe ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo mọ olùkọ́ tó ń pín bisikíìtì fún ọmọ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, mo sì mọ olùkọ́ tó kíyè sí i pé ọmọ kan ń fún ojú kó tó lè rí ohun tí a kọ sí pátákó, tó wá gbé ọmọ náà jókòó síwájú. Àwọn òbí máa ń yin ti àkọ́kọ́ gan-an. Èkejì ni èmi máa ń fa kíláàsì kìíní lé lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba olórí kan tí gbogbo wa mọ̀. Kí Alhaji Lateef Jákàńdè tó di gómìnà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1979, òwúrọ̀ àti ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé ń ṣe ní Èkó. Àwọn ọmọ kan á wọlé láàárọ̀, wọ́n á jáde lọ́sàn-án, àwọn mìíràn á wá jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà. Ẹni tí kò bá kọ́ ọmọ ọ̀sán rí kò lè mọ bó ṣe rí. Ọmọ ti jí láti ìdájí, ó ti pọnmi, ó ti bá ìyá rẹ̀ kiri ọjà, ó ti sáré kiri nínú oòrùn, kí agogo tó lù fún un. Nígbà tó bá fi máa jókòó, oorun nìkan ló kù lójú rẹ̀. Páànù orí ilé á ti gbóná, òógùn á máa yọ́ ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ olùkọ́. Bí a bá sì fi máa jáde, ilẹ̀ ti ń ṣú, àwọn ọmọbìnrin kéékèèké á máa dá fi ẹsẹ̀ rìn gba Ìdí-Òró lọ sílé ní Muṣin. Ìyá wọn kì í fọkàn balẹ̀ títí wọn yóò fi dé.

Àwọn tó ṣètò náà ní àlàyé tiwọn: kíláàsì kò tó. Òótọ́ ni, kò tó. Jákàńdè kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn, ó kọ́ ọ ni. Ó kọ́ ọ kíákíá, ó sì kọ́ ọ láìwo ẹwà rẹ̀ rárá, débi pé àwọn alátakò ń pè é ní ilé adìẹ. Mo ti ṣe olùkọ́ nínú ilé adìẹ yẹn. N kò ní purọ́, kò dára wò, atẹ́gùn sì máa ń gbé ìwé àwọn ọmọ kúrò lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń wọlé láàárọ̀ pẹ̀lú orí pípé. N kò rí ẹnì kan nínú àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tí ọmọ tirẹ̀ ṣe ilé ìwé ọ̀sán rí.

Báwo ni ọkùnrin yìí ṣe rí ohun tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò rí? Èrò tèmi ni pé ibi tó ń gbé wà lára rẹ̀. Kò kó lọ sí ilé ìjọba. Inú ilé ara rẹ̀ ní Ìlúpéjú ló jókòó sí jálẹ̀ ọdún mẹ́rin àti oṣù mélòó kan tó fi ṣe gómìnà, ọkọ̀ ara rẹ̀ ló sì ń gùn. Ìlúpéjú àti Muṣin kò jìnnà síra wọn, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà. Akọ̀ròyìn ni kó tó di olóṣèlú, ó ti ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Tribune, iṣẹ́ tó jẹ́ pé ìbéèrè bíbi ni oúnjẹ rẹ̀. Ilé olówó pọ́ọ́kú tó kọ́ sí Ìṣọlọ̀, Ìjàyè, Abẹ́sàn àti Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, kọ̀ńdọ́ tí wọn kò tíì bí nígbà náà ló sì ń pariwo orúkọ rẹ̀ ní gáréèjì: Jákàńdè! Jákàńdè!

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ o. Jákàńdè le. Ó fẹ́ ti àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni pa, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Okogie sì gbé ìjọba rẹ̀ lọ sí kóòtù lórí rẹ̀. Nígbà tó tún gba ipò mínísítà lábẹ́ Abacha, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ bínú kanlẹ̀, àwọn kan kò sì dárí jì í títí tó fi kú ní 2021. N kò sọ pé ẹni mímọ́ ni. Mo sọ pé nígbà tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ Ìdí-Òró kò fi òkùnkùn rin ọ̀nà ilé mọ́.

Àwọn kan gbà pé ẹni tó bá jìyà rí ni yóò mọ ìyà ẹlòmíràn. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Bàbá tó bí Awólọ́wọ̀ kú nígbà tí Awólọ́wọ̀ wà lọ́mọdé, oríṣiríṣi iṣẹ́ ló ṣe kó tó ríwèé kà, nígbà tó sì dé orí oyè, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní 1955. Owó orí tí wọ́n fẹ́ fi gbé ètò náà ró bí àwọn ènìyàn nínú. Nínú ìdìbò àpapọ̀ ti 1954, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ tí Awólọ́wọ̀ ń darí pàdánù Ìwọ̀-Oòrùn sọ́wọ́ NCNC. Wọn kò torí ìyẹn dá iṣẹ́ dúró.

Ṣùgbọ́n Ààrẹ Goodluck Jonathan náà sọ fún wa ní 2010 pé òun kò ní bàtà nígbà tí òun ń lọ sílé ìwé. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ọjọ́ kìíní ọdún 2012 ni ìjọba rẹ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà bẹntiróòlù fi kúrò ní ₦65 tó di ₦141. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wà lábúlé tí wọ́n ti lọ ṣọdún, owó ọkọ̀ ìpadà tí wọ́n kà sọ́tọ̀ kò sì lè gbé wọn dé ìdajì ọ̀nà mọ́. Ìyanṣẹ́lódì àti ìfẹ̀hónúhàn ló fà á wálẹ̀ sí ₦97 nínú oṣù yẹn kan náà. N kì í ṣe onímọ̀ ọrọ̀ ajé. Ó lè jẹ́ lóòótọ́ pé ìjọba kò lè máa san owó ìrànwọ́ orí epo lọ títí. Ọjọ́ tí wọ́n mú ni mò ń bá wọn jà sí. Ẹni tí kò ní bàtà rí ni ó mú ọjọ́ yẹn.

Wọ́n tún mú ọjọ́ mìíràn ní 2023. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Tinubu gan-an, ni a gbọ́ pé owó ìrànwọ́ ti lọ. Kó tó di ìparí oṣù keje, lítà kan ti di ₦617 ní Àbújá. Oṣù kẹjọ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde ₦5 bílíọ̀nù fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti fi ra ìrẹsì àti àgbàdo. Ọ̀fun kì í dúró de ìpàdé. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejìlá 2024, àwọn ọmọ márùndínlógójì kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi àríyá ọdún àwọn ọmọdé ní Baṣọ̀run n'Íbàdàn. Ìjọba kọ́ ló pè wọ́n síbẹ̀, n kò sì fẹ́ dá ẹjọ́ ẹnikẹ́ni níhìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn òbí bá ń kó ọmọ wọn jáde ní ìdájí nítorí ẹ̀bùn àti oúnjẹ, olórí tó lójú ti gbọ́ ìròyìn tó yẹ kó gbọ́.

Ọ̀gá kan tí mo ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ kò mẹ́nu kan àánú rí. Bàbá líle ni, pàṣán kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá pẹ́ dé, ìbéèrè kan wà tí yóò kọ́kọ́ bi í: kí lo ti ṣe láti ìgbà tí o ti jí? Ohun tí ọmọ bá sọ, á kọ ọ́ sínú ìwé kan. Ọmọ kan ti lọ kànga léraléra. Òmíràn ti bá ìyá rẹ̀ àgbà din àkàrà, ó sì ti kiri rẹ̀ dé Ojúwòyè. Òmíràn kàn sùn gbàgbé ni. Onítọ̀hún á gba tirẹ̀. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run, ṣùgbọ́n bàbá yìí máa ń bi aláǹgbá léèrè. Nígbà tí ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ó ránṣẹ́ pe àwọn òbí, ó bẹ àwọn kan, ó bá àwọn kan jà. Lẹ́yìn náà ó yí tàìmù-tébù padà. Ó sún ìṣirò kúrò ní àkọ́kọ́, ó fi orin àti ìtàn síbẹ̀, kí ọmọ alákàrà má baà máa pàdánù ìṣirò lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tó bá a ya fọ́tò. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ alákàrà yẹn mọ ìṣirò.

Ohun tí mo rí kọ́ lára bàbá náà ni pé àánú olórí, iṣẹ́ ni, kíkọ́ là ń kọ́ ọ. Ìbéèrè ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ ló tẹ̀ lé e, àyípadà nínú ètò ló sì gbẹ̀yìn. Omijé kò sí nínú rẹ̀ dandan. Báwo wá ni ẹni tí síréènì ń lé ènìyàn kúrò lọ́nà fún, tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í kú, tó ń wọ bàálù lọ tọ́jú orí fífọ́ ní òkè òkun, ṣe máa bi aláǹgbá léèrè? Kò rí aláǹgbá.

Ẹ wo tiwa, àwa òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì. Wọ́n a máa pè wá jọ fún àyẹ̀wò, kí a wá fi ojú hàn pé a kò tíì kú. Fẹrifikéṣọ̀n là ń pè é. Aago méje ni wọ́n máa ń kọ sínú ìwé ìpè, aago méje a ti dé, nítorí arúgbó kì í pẹ́ (oorun wa náà kò kúkú pọ̀ mọ́). Àwọn tó pè wá á yọjú nígbà tó bá wù wọ́n. Lọ́dún kan, bẹ́ńṣì kò tó, kánópì kò bo ìdajì wa, ilé ìyàgbẹ́ sì wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ tún un kà: àwọn ẹni àádọ́rin ọdún ni wọ́n ní kí wọ́n máa gun àtẹ̀gùn lọ tọ̀. Ìkà kọ́ ló ṣètò yẹn. Ẹni tí orúnkún kò tíì dùn ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tó pè wá lọ́jọ́ náà. Bàbá kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú wà nínú ọkọ̀ níta, ọmọ rẹ̀ ló gbé e wá. Ọ̀gá wọn ní dandan ni kí bàbá wá sídìí tábìlì. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kò jiyàn, ó kàn gbé rẹ́jísítà àti yíǹkì ìtẹ̀ka, ó lọ bá bàbá nínú ọkọ̀. Nígbà tó padà wọlé, ó gbóhùn sókè, ó béèrè bóyá ẹlòmíràn wà tí kò lè rìn. Ọwọ́ tó nà kì í ṣe kékeré. Kò ná kọ́bọ̀ ìjọba. N kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá gbégbá ìbò, kó wá sí wọ́ọ̀dù wa, èmi ni màá máa bá a lẹ pósítà.

Ẹ̀yin kọmíṣọ́nnà àti alága ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ ń ka èyí, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Nígbà àyẹ̀wò tó ń bọ̀, ẹ fi síréènì sílé, ẹ wá ní aago méje, ẹ gba nọ́ńbà, kí ẹ jókòó tì wá lórí bẹ́ńṣì títí wọn yóò fi pe nọ́ńbà yín. Ẹ mu omi dáadáa kí ẹ tó máa bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ilé ìyàgbẹ́ náà wá sí ìsàlẹ̀.