Orí tí wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù lánàá, ta ló ń tọ́jú rẹ̀ lónìí?

Bí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn ọmọ ẹ̀yìn tí agbábọ́ọ̀lù iwájú kì í fẹ́ bá pàdé nílẹ̀ Nàìjíríà, ti Yísà Ṣófolúwẹ̀ kì í pẹ́ jáde. "Dean of Defence" ni àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ń pè é, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Kì í ṣe ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù dárà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gba bọ́ọ̀lù, bó jẹ́ ẹsẹ̀, bó jẹ́ àyà, bó jẹ́ orí.

Lọ́dún 1983, nígbà tí Nàìjíríà àti Mọ̀rókò gbá ọ̀mì lẹ́ẹ̀mejì, tó wá di pẹnáritì, òun ló gba èyí tó gbé wa lọ sí ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ti 1984 ní Côte d'Ivoire. A dé àṣekágbá níbẹ̀, Kamẹrúùnù fi 3-1 nà wá. Ọdún 1988 ní Mọ̀rókò, Kamẹrúùnù yìí kan náà tún ni, 1-0. Ṣófolúwẹ̀ wà nínú ikọ̀ méjèèjì. Ogójì ìgbà ló wọ aṣọ Nàìjíríà. Ní kílọ́ọ̀bù, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Abíọ́lá Babes ti Abẹ́òkúta, ẹgbẹ́ olóyè M.K.O. Abíọ́lá tó gba Challenge Cup ní 1985 àti 1987. Ṣùgbọ́n fàdákà kì í dún létí èèyàn bíi wúrà. Ẹni tó bá ń sọ ìtàn bọ́ọ̀lù wa, láti 1980 ló máa ń fò dé 1994, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ṣiṣẹ́ láàárín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2021, ni Ṣófolúwẹ̀ kú ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, lẹ́ni ọdún 53. Ohun tí wọ́n gbé síta nígbà yẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ti ń sún kì, ìrántí rẹ̀ sì ti ń lọ. Wàídì Àkànní, tóun náà gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà, wà lára àwọn tó figbe ta káyé lè gbọ́.

Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé bọ́ọ̀lù ló fa àìsàn náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orí àti eré ìdárayá kì í ṣe àròsọ mọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jeff Astle tó máa ń fi orí gbá bọ́ọ̀lù sílé fún West Bromwich Albion kú ní 2002, ẹni tí ìjọba yàn láti wádìí ikú rẹ̀ sì sọ pé iṣẹ́ tó ṣe ló ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ní 2019, àwọn olùwádìí ní Glasgow rí i pé àìsàn ọpọlọ tó máa ń jẹ èèyàn díẹ̀díẹ̀ ń pa àwọn tó fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe ju àwọn yòókù lọ, ní ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀. Àwọn tó gbá rugby league ní Bìrìtìkó náà ti gbé àwọn aláṣẹ wọn lọ sílé ẹjọ́. Ìyẹn ò sì yani lẹ́nu, torí nínú eré yẹn, àwọn tó wà níwájú, ara sí ara, èjìká sí orí, ni wọ́n fi ń jẹun.

Ta wá ni ó ṣí ọ̀rọ̀ yìí payá fáyé? Ọmọ Nàìjíríà ni. Dókítà Bennet Omalu, tó kàwé ní yunifásítì Nsukka, ló yẹ ọpọlọ Mike Webster wò ní Pittsburgh ní 2002, tó sì rí ohun tí ìkọlù àti ìkọlù ti ṣe sí i. Amẹ́ríkà bá a jà, wọ́n sì padà gbà. Àwa tó ni ín, a ò tíì fi ṣe nǹkan kan lórí pápá wa.

Ọ̀rọ̀ owó wá ńkọ́? Ní 2019, nígbà tí ara Christian Chukwu ò yá, ìyẹn balógun ikọ̀ tó gba ife ní 1980, ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan ló dìde. Fẹ́mi Ọ̀tẹ́dọlá gbé 50,000 dọ́là sílẹ̀ fún ìtọ́jú rẹ̀. Ó ṣe dáadáa, kí á máa fi ojú kékeré wo irú oore bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àánú kì í ṣe ètò. Ẹni tí ariwo rẹ̀ bá dé etí olówó ló ń rí i gbà, ẹni tí tirẹ̀ ò bá dé ibẹ̀ ńkọ́? Chukwu padà kú ní oṣù kẹrin 2025. Ọdún yẹn kan náà ni Henry Nwosu lọ ní oṣù kẹta, Peter Rufai sì tẹ̀ lé e ní oṣù keje, àwọn méjèèjì tó bá Ṣófolúwẹ̀ lọ sí Côte d'Ivoire.

Ètò wà nílẹ̀ o. Òfin ìlera ti 2022 sọ ìbánigbófò di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ní Ìlera Èkó tirẹ̀. Ohun tó kù ni kí ẹni tó ni kílọ́ọ̀bù forúkọ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀, kó sì máa san owó rẹ̀ lọ́dọọdún.

Àwọn kan ò tiẹ̀ ná ni lówó rárá. Láti 2020, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí wọ́n má kọ́ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní fífi orí gbá bọ́ọ̀lù. Lọ́dọ̀ wa, ẹ wo pápá èyíkéyìí nírọ̀lẹ́, ì báà jẹ́ Ìkòròdú, ì báà jẹ́ Ẹ̀pẹ́. Bí ọmọ bá forí gbárí tó ṣubú, omi pọ́ọ̀ ni wọ́n máa dà sí i lórí, "dìde jàre, ṣebí ọkùnrin ni ẹ́", ó ti padà sórí pápá. Ó yẹ kó jókòó lọ́jọ́ náà, kí òbí rẹ̀ sì gbọ́. Bó bá ń bì tàbí tó ń sọ̀rọ̀ wọ́nranwọ̀nran, kí wọ́n gbé e lọ sí General Hospital, ó wà ní Ìkòròdú, ó wà ní Ẹ̀pẹ́.

Ikorodu City ti wọ líìgì àgbà láti 2024, inú ìlú sì dùn sí i. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn ṣì kéré, ara wọn sì le. Ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ló yẹ kí àwọn òbí wọn kà dáadáa: ọdún mélòó ni ìtọ́jú ara yóò fi tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá bọ́ bàtà?